Àmì Ìwọ̀ Ẹja ní Ojú Ìwé Kọkànlélọ́gbọ̀n

Ilé Ìkàwé Ìlú,
Òpópónà Reluwé,
Yarrabool,
Victoria.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Òkúdu, ọdún 1944.

Una mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, àna mi ọ̀la,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ikọ́ tó ò ń wú nígbà tó o kọ lẹ́tà tó kọjá ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Bí mo bá gbọ́ pé o ṣì ń jáde láìwọ kóòtù nínú òtútù Melbourne yẹn, màá wọ reluwé wá bá ọ níbẹ̀, n kò sì ní bá ọ ṣeré. Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe nílé iṣẹ́ ọta ìbọn ńkọ́? Wọ́n ní ó máa ń sọ ara àwọn obìnrin di pupa rúsúrúsú. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí tìrẹ dà bẹ́ẹ̀ o, torí àwọ̀ rẹ nìkan lo fi ń yangàn sí mi láti kékeré. Onílé yín ńkọ́, ṣé ó ti ń fi ẹran sínú ọbẹ̀ báyìí, àbí kábéèjì náà ló ṣì ń sè?

Àwa náà wà níbí. Orókùn ṣì ń dun màmá mi, ṣùgbọ́n ẹnu wọn le koko. Wọ́n ní kí n kí ọ, kí n sì bi ọ́ bóyá o ti rí ọkọ ní Melbourne. Bàbá mi ń dẹ pakuté ehoro káàkiri, ehoro là ń jẹ láàárọ̀, òun náà là ń jẹ lálẹ́, ó kù díẹ̀ kí etí wa máa gùn. Òtútù ọdún yìí kì í ṣe kékeré. Láàárọ̀ àná, omi tí mo bù fún adìẹ ti dì gbagidi kí n tó yíjú padà.

Mo mọ̀ ọ́, o ti ń sáré wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí bóyá mo dárúkọ bàbá yín. Mo dárúkọ wọn. Má ya á o! Una, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, kà á tán kó o tó bínú. Mo mọ ohun tó lé ọ kúrò nílé. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ta kẹ̀kẹ́ Clarrie, tí wọ́n ní ẹni tó ti kú kò nílò kẹ̀kẹ́ mọ́. Mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni, ṣùgbọ́n àfẹ́sọ́nà tèmi náà ni, òrùka rẹ̀ ló ṣì wà lọ́wọ́ mi yìí, ọ̀rọ̀ náà sì gún mi lọ́kàn bó ṣe gún ọ. Láti ìgbà tí wáyà ìjọba ti dé pé Rabaul, níbi tí wọ́n rán Clarrie lọ jagun, ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Japan, pé wọn kò mọ ibi tí Clarrie wà, kò sí ẹlòmíràn nílùú yìí tó ń pè é ní òkú àfi bàbá tó bí i. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí ọ lónìí. Ohun kan ṣẹlẹ̀, n kò lè pa á mọ́ra.

Ọ̀dọ̀ mi ní ilé ìkàwé ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ sí i láti ìgbà tó o ti lọ. Àwọn obìnrin tó ń hun àwọ̀n tí àwọn sójà fi ń bo ìbọn ńlá mọ́lẹ̀ ti gba gbọ̀ngàn tán, wọ́n sì ti ń fi àwọ̀n kọ́ sára pákó ìwé mi. Màmá Opie ni ọ̀gá wọn, o ṣáà mọ̀ wọ́n. Wọn kì í sinmi ẹnu. Ẹni tó bá wá yá ìwé yóò gbọ́ ìròyìn gbogbo ilé tó wà ní Yarrabool kó tó rí ìwé yá.

O rántí àmì tí àwọn òǹkàwé wa máa ń yà sínú ìwé tí wọ́n bá ti kà. Ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé ṣì ń pariwo pé kí n máa fi rọ́bà pa wọ́n rẹ́, èmi náà ṣì ń dáhùn pé ó dáa, n kò sì pa nǹkan kan rẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pa á rẹ́? Ìwé àwọn daran-daran Amẹ́ríkà wọ̀nyí, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì: ẹṣin, ìbọn, ọmọbìnrin olówó kan àti olè onírùngbọ̀n. Bí Màmá Opie kò bá rí àgbélébùú tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà sí ojú ìwé kẹsàn-án, wọn kò ní mọ̀ pé àwọn ti ka ìwé náà rí. Wọn yóò gbé e lọ sílé, wọn yóò kà á dé ìdajì, wọn yóò wá gbé e padà wá bá mi bí ẹni pé èmi ni mo jí ọjọ́ ìsinmi wọn gbé. Bàbá mi máa ń ya ìràwọ̀. Ti Clarrie ni ìwọ̀ ẹja, kékeré báyìí, lábẹ́ nọ́ńbà ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n. Ẹnu ìwọ̀ náà máa ń kọjú sí òsì, torí ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí àwọn obìnrin bá ti lọ jẹun ọ̀sán, mo máa ń fa àwọn ìwé àtijọ́ yọ, mo máa ń ṣí ojú ìwé yẹn. Bí mo bá bá ìwọ̀ níbẹ̀, màá jókòó, màá ka ìwé náà. Ibi tí mo bá ti rẹ́rìn-ín, màá máa rò ó pé ṣé ibẹ̀ lòun náà ti rẹ́rìn-ín. Èmi tí n kò fẹ́ràn ẹṣin, mo ti ka ìwé ẹlẹ́ṣin ju gbogbo ọkùnrin ìlú yìí lọ. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, Una. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Japan ju lẹ́tà àwọn sójà wa tí wọ́n mú ní Rabaul sílẹ̀, tí àwọn ìyá kan ń rí tiwọn gbà, o rántí bí èmi àti ìwọ ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú. Láti ọjọ́ yẹn, àmì ìwọ̀ yìí nìkan ni lẹ́tà tí mò ń rí kà.

Ó dáa. O mọ bí àpótí ìwé wa ṣe ń lọ, tí ìlú mẹ́rin tó wà lójú irin ń pààrọ̀ ìwé láàárín ara wọn. Àwa ló kàn láti ra ìwé tuntun lọ́dún yìí. Mo ra ọ̀kan, ẹlẹ́ṣin náà ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1943, bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi ti ìgbà ogun yìí. Ọwọ́ mi ni mo fi lu òǹtẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tó tíì ṣí i wò nílùú yìí kí n tó fi í sínú àpótí, tí mo fi okùn dì í, tí ẹlẹ́rù sì gbé e lọ sí ìdíkọ̀ reluwé. Ó lọ yí àwọn ìlú yòókù ká. Nígbà tó padà dé nínú oṣù Karùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ni mo bá jókòó láti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Mo ṣàdédé ṣí ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n. Ìwọ̀ ẹja wà níbẹ̀. Ó kọjú sí òsì.

Una, mo kígbe! Gbogbo àwọn aláwọ̀n sáré wọlé, wọ́n ń bi mí pé kí ló dé. Mo ní eku ni. Màmá Opie kò wulẹ̀ dúró gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n ti wà lórí àga. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, n kò mọ èyí tí mo ń ṣe.

Ìwọ náà rò ó wò. Clarrie ti wà ní Rabaul kí wọ́n tó tẹ ìwé yẹn rárá. Ta ló wá ya ìwọ̀ rẹ̀ sí i? Kilderry wà lára àwọn ìlú tí àpótí náà gbà kọjá, ilé ìwòsàn àwọn sójà sì wà ní Kilderry. Àwa náà ti gbọ́ ìtàn àwọn tí àdó olóró bú nítòsí wọn tí wọ́n gbàgbé orúkọ ara wọn. Mo ní ó ti dé! Ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó wà ní Kilderry, kò rántí ẹni tó ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé àmì rẹ̀. N kò sọ fún ẹnì kankan. Ìwọ pàápàá, n kò kọ̀wé sí ọ, torí mo fẹ́ kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́tà náà. Mo fọ irun mi, mo lọ aṣọ aláwọ̀ sánmọ̀ yẹn, mo purọ́ fún màmá mi pé eyín ló ń dùn mí, mo wọ reluwé.

Nọ́ọ̀sì kan tí kò ju ẹgbẹ́ wa lọ ló gbà mí níbẹ̀. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó ti ń mi orí. Ó ní, “Wọ́n pọ̀ tí wọ́n ń wá bí ìwọ ṣe wá yìí. A mọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà níbí, ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n máa bọ̀, wá fi ojú ara rẹ rí i. Bí o kò bá rí i, má sunkún lójú wọn o. Ẹkún ti sú wọn.”

Mo tẹ̀ lé e láti ibùsùn dé ibùsùn. Mo wo gbogbo ojú. Nígbà tó yá, ojú ti ń tì mí, torí bí mo bá ti rí i pé kì í ṣe Clarrie, mo máa ń tètè gbójú kúrò, wọ́n sì ń rí mi. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n di lójú pa. Ó gbọ́ ìró bàtà mi, ó ní, “Ṣé èmi lò ń wá, arẹwà?”

Mo ní, “Wọ́n di ọ́ lójú, ta ló sọ fún ọ pé mo rẹwà?”

Ó ní, “Ọṣẹ rẹ ni. Òbúrẹ́wà kì í fi irú ọṣẹ yẹn ṣòfò nígbà ogun.”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ṣí gbogbo ìwé tó wà lórí tábìlì wọn. Kò sí ìwọ̀ kankan. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo sunkún nínú reluwé débi pé ìyá kan tí n kò mọ̀ rí gé búrẹ́dì àti ẹran àgùntàn tirẹ̀ sí méjì, ó sì fún mi ní èyí tó tóbi.

Síbẹ̀ ọkàn mi kò gbà. Mo ní bóyá ìlú mìíràn ló wà. Mo wá ń retí àpótí tó ń bọ̀ bí ẹni tó ń retí ọmọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ pé ó ti dé ìdíkọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, pé ẹlẹ́rù kò tíì ráyè gbé e wá torí ẹṣin rẹ̀ ń tiro. Mi ò lè dúró de ẹṣin ẹnikẹ́ni. Mo da aṣọ òjò bo orí, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹrù ìdíkọ̀ fúnra mi lọ́sàn-án gangan.

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni bàbá yín ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, “ẹ káàárọ̀” náà ni. Wọn kò sì tẹsẹ̀ bọ ilé ìkàwé rí láyé wọn, ìwọ náà mọ̀. Mo wo inú ilé ẹrù. Wọ́n jókòó sórí ìdì irun àgùntàn. Àpótí ìwé mi wà ní ṣíṣí níwájú wọn, wọ́n ti ká okùn rẹ̀ dáadáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Awò ojú màmá yín, Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ló wà lójú wọn, wọ́n fi okùn so ó mọ́ etí. Wọ́n ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ètè wọn ń mì. Wọ́n kà á débi tó parí, wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n tún ṣí i padà, wọ́n wá ojú ìwé kan, wọ́n yọ pẹ́ńsù létí. Una, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi mú un. Bàbá yín tí kò lè fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí! Wọ́n yọ ahọ́n síta bí ọmọ iléèwé, wọ́n rọra ń ya nǹkan kan.

Gbogbo ìrètí tí mo gbé láti Kilderry bọ̀ wó lulẹ̀ lójú kan náà. Clarrie kò sí ní ìlú kankan lójú irin yẹn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n tún gbé wáyà wá fún mi lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní, “Bàbá! Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?”

Wọ́n ta gìrì, wọ́n ti ìwé bọ abẹ́ kóòtù bí ọmọ tó jí ṣúgà. Wọ́n ní, “Kò kàn ọ́. Padà sílé, òjò ń rọ̀.”

“Kò kàn mí kẹ̀? Ìwé mi ni! Àmì ọkọ mi ni!” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo sọ ọ̀rọ̀ Kilderry, mo sọ ti aṣọ, mo sọ ti àwọn tó wà lórí ibùsùn. N kò bọ̀wọ̀ fún wọn rárá lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn.

Wọ́n yọ awò ojú. Wọ́n ní, “O lọ sí Kilderry nítorí èyí?”

“Mo lọ.”

“Yéè! N kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo ojú ìwé yẹn.”

“Èmi ń wò ó, Bàbá. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó.”

Wọ́n dìde, wọ́n gbé kẹ́tù kaná, wọ́n po tíì fún mi, wọ́n da ṣúgà sí i bí ẹni pé ìjọba kò fi ìwọ̀n pín ṣúgà fún wa nítorí ogun. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá sọ̀rọ̀. O rántí bí Clarrie ṣe máa ń sọ ìtàn ìwé nídìí oúnjẹ, tí ìwọ yóò máa fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì pé kó dákẹ́, tí bàbá yín yóò ní kó pa ẹnu dé kó jẹun. Wọ́n ní gbogbo ọdún yẹn, àwọn kò jẹ́ kó sọ ọ̀kan parí. Wọ́n ní nígbà tí wáyà dé, bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ pé “Yóò padà wá,” ńṣe ni àwọn máa ń lọ dúró lẹ́bàá gbogbo reluwé tó bá gbé sójà, àwọn máa ń wo ojú wọn títí reluwé yóò fi lọ, iṣẹ́ kò ṣeé ṣe mọ́. Ni wọ́n bá kúkú ń sọ pé ó ti kú, kí wọ́n lè gbé ẹrù kí wọ́n sì lè sùn. Wọ́n ní ẹnu àwọn nìkan ló gbà á, ọkàn àwọn kò gbà á.

Àpótí ìwé máa ń dúró nínú ilé ẹrù kó tó lọ àti nígbà tó bá dé. Lọ́jọ́ kan wọ́n tú u, wọ́n rí ìwọ̀ Clarrie nínú ọ̀kan, wọ́n sì kà á tán pẹ̀lú ìṣòro, kí wọ́n lè mọ bí ìtàn náà ṣe parí. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, wọ́n dé orí àwọn ìwé tuntun tí kò ní ìwọ̀ kankan. Wọ́n ní, “Ìwé ń jáde, Elva, ọmọ mi kò sì sí níbí kó kà wọ́n. Mo ní kí n máa bá a kà wọ́n, kí n sì máa bá a ya ìwọ̀ rẹ̀ sí i. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀ sẹ́yìn.”

Ni mo bá bá wọn jà. Mo ní, “Ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe, Bàbá. Bí Clarrie bá dé, yóò rí ìwọ̀ yìí, yóò ní òun ti kà á, yóò dá a padà sórí pákó. Gbogbo ìwé tó dùn jù ni yóò fò kọjá! Tó bá wá mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ẹ ṣáà mọ ìbínú rẹ̀.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Jẹ́ kó bínú. Jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, kó sọ ìwé náà lù mí, kó pè mí ní àgbàyà lójú gbogbo ìlú. Kí lo rò pé mò ń bẹ Ọlọ́run fún?”

N kò lè dá omi ojú mi dúró mọ́. A jókòó síbẹ̀ títí tíì fi tutù. N kò pa ìwọ̀ náà rẹ́, n kò sì ní pa á rẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n bá mi di okùn àpótí, wọ́n sì bi mí láìwo ojú mi pé, “Una ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń bínú sí mi?”

N kò lè purọ́ fún wọn. Mo ní, “Ó ń bínú gan-an, Bàbá.”

Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé àpótí lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì ní, “Kọ̀wé sí i fún mi. Sọ fún un pé kó wá bínú nílé.”

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, Una. Bá mi kí onílé yín àti gbogbo àwọn ọmọbìnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Màmá mi ní reluwé ọjọ́ Sátidé kì í kún.

Èmi tí mò ń retí rẹ,

Elva